Ká Ní Mo Mọ̀: Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ Jímọ̀ lórí Àròkàn àti Ìwòsàn Rẹ̀

Gbogbo ọpẹ́ ti Ọlọ́hun ni, Ọba tí Ó dá ọkàn, tí Ó sì mọ ohun tí ń lọ nínú rẹ̀ kí ahọ́n tó sọ ọ́. Ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ kí ó máa bá Ànábì wa Muhammad, àwọn ará ilé rẹ̀, àwọn Sàhábà rẹ̀, àti gbogbo ẹni tí ó bá tọ ojú ọ̀nà wọn títí di ọjọ́ ìkẹyìn. Ẹ̀yin ẹrúsìn Ọlọ́hun, a gba ara wa àti ẹ̀yin náà níyànjú pé kí á bẹ̀rù Ọlọ́hun ní ìkọ̀kọ̀ àti ní gbangba.

Ọ̀rọ̀ tí a mú wá lónìí kan ọ̀pọ̀ nínú wa, ṣùgbọ́n àwọn díẹ̀ ni wọ́n ń sọ ọ́ jáde. Ọ̀rọ̀ èrò tí kì í tán ni. Bí ènìyàn bá dùbúlẹ̀ lóru, èrò kan náà yóò wá. Bí ó bá dìde, yóò bá a nídìí àlùwàlá. Bí ó bá kírun, yóò bá a ní ìforíkanlẹ̀. Èrò náà kò mú ọgbọ́n tuntun wá, bẹ́ẹ̀ ni kò mú iṣẹ́ kankan jáde. Ó kàn ń yí po lójú kan bí ẹran tí a so mọ́ èèkàn ni. Àwọn baba wa mọ̀ ọ́n, wọ́n sì sọ ọ́ ní orúkọ: àròkàn. Àwọn náà ni wọ́n wí pé àròkàn ní í fa ẹkún àsun-ùn-dá.

Ohun tí ojú Òkè-Àfá rí

Àwa tí a ń gbé ní Òkè-Àfá yìí kò ní láti rin ìrìn jìnnà kí a tó rí àpẹẹrẹ. Ní ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ 27 oṣù Kìíní ọdún 2002, iná ràn dé ibi tí wọ́n ń kó ohun ìjà pamọ́ sí ní bárékè àwọn ọmọ ogun ní Ìkẹjà. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, bọ́ǹbù bẹ̀rẹ̀ sí í dún léraléra, ilé ń mì, fèrèsé ń fọ́, àwọn ènìyàn kò sì mọ̀ bóyá ogun ni ó dé. Wọ́n sá. Ọ̀pọ̀ nínú wọn sá gba apá ọ̀dọ̀ wa níbí nínú òkùnkùn, wọ́n sì kó sínú kánáàlì Òkè-Àfá, tí ewéko ojú omi ti bò tí ó fi dà bí ilẹ̀ lásán. Ẹni tí ń bọ̀ lẹ́yìn ń ti ẹni tí ó wà níwájú. Ẹ̀mí tí ó bọ́ nínú àjálù náà lé ní 1,000, àwọn obìnrin àti àwọn ọmọdé sì pọ̀ gan-an nínú àwọn tí omi gbé lọ. Ibi ìrántí wọn wà ládùúgbò wa títí di òní. Kí Ọlọ́hun forí jin àwọn òkú wa, kí Ó sì tẹ́ wọn sí afẹ́fẹ́ rere.

Ṣùgbọ́n ẹni tí omi kò gbé lọ ńkọ́? Ẹ jẹ́ kí á rò ó wò. Ìyá kan di ọwọ́ ọmọ méjì mú lálẹ́ ọjọ́ náà, èrò ya lù wọ́n, ọ̀kan sì já gbà mọ́ ọn lọ́wọ́. Láti ọjọ́ náà ni ọkàn rẹ̀ ti ń wí pé: ká ní mo pọ̀n ọ́n ni. Ká ní a jókòó sílé. Ká ní ọ̀nà kejì ni a gbà. Ọdún kan kọjá, ọdún mẹ́wàá kọjá, ọdún tí ó lé ní ogún sì ti kọjá, síbẹ̀ èrò náà ń padà wá pẹ̀lú ọ̀rọ̀ kan náà. Ìdáhùn tí yóò tẹ́ ẹ lọ́rùn kò sí, nítorí alẹ́ ọjọ́ náà ti lọ, kò sì ní padà.

Kì í ṣe àjálù ńlá nìkan ni ó ń bí èyí. Oníṣòwò tí ó fi owó ọjà rán ẹni tí kò padà, ọ̀dọ́ tí kò yege ìdánwò, ẹni tí ìgbéyàwó rẹ̀ tú, ọmọ tí kò sí nílé nígbà tí òbí rẹ̀ kú: gbogbo wọn ni ó lè bá ara wọn nídìí èèkàn kan náà. Àwọn àgbà sọ pé àbámọ̀ ní í gbẹ̀yìn ọ̀rọ̀. Gbogbo ọ̀tọ̀kùlú ìlú pé, wọn kò rí oògùn àbámọ̀ ṣe.

Ìbànújẹ́ kì í ṣe àìnígbàgbọ́

Ẹ̀yin ará wa nínú ẹ̀sìn, ohun àkọ́kọ́ tí a fẹ́ kí ó yé wa ni pé ẹni tí ó ń banú jẹ́ kò tíì ṣẹ̀. Àlùkùránì Alápọ̀nlé sọ fún wa nínú Sùúrà Yúsúfù pé Ànábì Yáqúbù sunkún ọmọ rẹ̀ títí ojú rẹ̀ méjèèjì fi funfun, Ànábì Ọlọ́hun sì ni. Nígbà tí Ibrahim, ọmọ Ànábì wa Muhammad, ń pọ̀kàkà ikú, omi dà lójú Ànábì, ó sì jẹ́ kí àwọn tí ó wà lọ́dọ̀ rẹ̀ mọ̀ pé àánú ni ẹkún náà. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má ṣe sọ fún ọlọ́fọ̀ pé ìgbàgbọ́ rẹ̀ ni ó kéré. Ìbànújẹ́ dà bí ọgbẹ́, Ọlọ́hun sì ti dá ara pé kí ọgbẹ́ máa jinná. Àròkàn ni ọwọ́ tí ń ṣí èépá ọgbẹ́ náà lójoojúmọ́ láti wò ó bóyá ó ti jinná.

Ànábì wa ti tọ́ka sí ọwọ́ náà. Nínú hádíìsì tí Abu Hurayra gbà wá, tí ó wà nínú ìwé Imam Muslim, ó kọ́ wa ní ohun mẹ́rin. Ó ní kí á ṣe akitiyan lórí ohun tí yóò ṣe wá láǹfààní. Ó ní kí á wá ìrànlọ́wọ́ Ọlọ́hun. Ó ní kí á má ṣe kágara. Ó sì ní bí nǹkan kan bá ṣẹlẹ̀ sí wa, kí á má ṣe máa wí pé ká ní a ti ṣe báyìí ni, báyìí ni ì bá rí; kí á gbà pé Ọlọ́hun ni Ó kádàrá rẹ̀, nítorí pé ọ̀rọ̀ "ká ní" máa ń ṣí ìlẹ̀kùn iṣẹ́ Èṣù.

Àwọn onímímọ̀ ṣàlàyé pé kì í ṣe gbogbo "ká ní" ni ó burú. Ànábì fúnra rẹ̀ lo irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ní ọdún Hájì ìdágbére, nígbà tí ó sọ fún àwọn Sàhábà pé bí òun bá ti mọ ohun tí òun mọ̀ nígbẹ̀yìn, òun kì bá tí kó ẹran ìpa dání wá. Ó fi kọ́ wọn lẹ́kọ̀ọ́ ni, ó sì lọ. Ìyàtọ̀ náà nìyẹn. Ẹni tí ó bá wí pé, "Ká ní mo ti tètè lọ sí ilé ìwòsàn, n óò tètè lọ nígbà mìíràn," ti kọ́ ẹ̀kọ́, ó sì ti dìde. Ẹni tí ó bá sọ ọ̀rọ̀ kan náà ní ìgbà ọgọ́rùn-ún tí kò sì dìde, ìlẹ̀kùn ni ó ṣí sílẹ̀. Ìbéèrè méjì ni a lè fi dá àròjinlẹ̀ mọ̀ yàtọ̀ sí àròkàn: Ǹjẹ́ èrò yìí kọ́ mi ní ohun tí n kò mọ̀ lánàá? Ǹjẹ́ ó rán mi ní iṣẹ́ tí mo lè ṣe lónìí? Bí ìdáhùn méjèèjì bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ kọ́, àròkàn ni.

Wáswáàsì: ìbátan àròkàn

Èrò mìíràn wà tí òun náà ń yí po, ṣùgbọ́n tí kì í sọ̀rọ̀ àná. Iyèméjì ni ó ń gbé wá: Ṣé àlùwàlá mi pé? Ṣé mo ti ilẹ̀kùn? Ṣé rakáá mẹ́ta ni mo kí tàbí mẹ́rin? Àwọn mìíràn ń gbọ́ ọ̀rọ̀ burúkú nípa Ọlọ́hun nínú ọkàn wọn, ẹ̀rù ń bà wọ́n pé àwọn ti kúrò nínú ẹ̀sìn. Wáswáàsì ni a ń pè é. Ẹni tí ó ń ṣe mọ́ lè wẹ ọwọ́ títí ọwọ́ yóò fi bó, ó lè tún ìrun kan kí ní ìgbà mẹ́fà.

Ẹ wo bí Ànábì ti ṣe ìtọ́jú rẹ̀. Ẹni tí ó bá ń ṣiyèméjì bóyá àlùwàlá òun ti bàjẹ́ kò gbọdọ̀ kúrò lórí ìrun àyàfi bí ó bá gbọ́ ìró tàbí tí ó gbọ́ òórùn. Ẹni tí kò bá mọ iye rakáá tí ó kí, kí ó dúró lórí èyí tí ó dá a lójú, kí ó parí ìrun rẹ̀, kí ó sì forí kanlẹ̀ fún ìgbàgbé. Nígbà tí Uthman ọmọ Abil-As mú ẹjọ́ wá pé Èṣù ń da ìrun òun rú, ó kọ́ ọ pé kí ó wá ìsádi lọ́dọ̀ Ọlọ́hun, kí ó sì fẹ́ itọ́ díẹ̀ sí apá òsì ní ìgbà mẹ́ta. Kò ní kí ó tún ìrun náà kí. Àwọn Sàhábà kan sì wá sọ fún un pé àwọn ń rí èrò kan nínú ọkàn àwọn tí ẹnu àwọn kò lè sọ jáde. Ó dá wọn lóhùn pé bí ó ṣe wúwo lójú wọn yẹn gan-an ni àmì ìgbàgbọ́. Nípa omi, múdù kan péré, tí kò tó lítà kan, ni Ànábì fi ń ṣe àlùwàlá.

Ẹ̀yin ẹrúsìn Ọlọ́hun, ohun kan ni ó so gbogbo ìdáhùn wọ̀nyí pọ̀: Ànábì kò bá iyèméjì náà jiyàn. Ó fún ènìyàn ní ìdáhùn kan, ó sì ní kí ó máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Àròkàn àti wáswáàsì dà bí àlejò tí ebi ń pa. Gbogbo ìgbà tí a bá dá wọn lóhùn ni a bu oúnjẹ fún wọn, ẹni tí a sì ń bọ́ kì í lọ.

Ohun tí àwọn onímọ̀ rí

Àwọn onímọ̀ Mùsùlùmí ti kọ̀wé lórí èyí tipẹ́. Abu Zayd al-Balkhi, tí a bí ní ọdún 850, tí ó sì kú ní ọdún 934, kọ ìwé kan lórí àlàáfíà ara àti ti ọkàn. Nínú rẹ̀, ó ka ìbínú, ìbẹ̀rù, ìbànújẹ́ àti wáswáàsì sí àìsàn ọkàn tí a lè tọ́jú, bí a ti ń tọ́jú ibà. Ó kìlọ̀ pé ìdánìkanwà àti àìríṣẹ́ṣe ń mú wáswáàsì lágbára, ó sì ní bí ènìyàn ti ń tọ́jú oògùn pamọ́ sílé de àìsàn òjijì, bẹ́ẹ̀ ni kí ó tọ́jú èrò rere pamọ́ de ọjọ́ tí ọkàn bá dàrú.

Ní ayé tiwa, Susan Nolen-Hoeksema, onímọ̀ ìhùwà ẹ̀dá ní Amẹ́ríkà, fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣe ìwádìí àròkàn. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 1989, ilẹ̀ mì tìtì ní agbègbè San Francisco. Ó ṣẹlẹ̀ pé ní ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú, ó ti bi àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan léèrè ohun tí wọ́n máa ń ṣe bí inú wọn bá bàjẹ́. Nígbà tí ó padà bi wọ́n lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méje, ó rí i pé àwọn tí ó ti ní àṣà àròkàn kí ilẹ̀ tó mì ni ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn bá jù. Ẹ jẹ́ kí á fi èyí wé kánáàlì tiwa: àjálù kan náà lè bá ẹni méjì, kí ọ̀kan jinná, kí ìkejì má jinná, kì í ṣe nítorí pé ọ̀kan fẹ́ràn òkú rẹ̀ ju ìkejì lọ.

Ní ọdún 1966, Victor Meyer ní Lọ́ńdọ̀nù kọ̀wé nípa àwọn aláìsàn tí wáswáàsì ń dà láàmú, tí ó tọ́jú nípa jíjẹ́ kí wọ́n fojú kojú ohun tí wọ́n ń bẹ̀rù láìjẹ́ kí wọ́n tún un wẹ̀ tàbí tún un wò. Ẹ̀rù náà ga, lẹ́yìn náà ó rọlẹ̀ fúnra rẹ̀. Títí di òní, ọ̀nà yìí wà lára ìtọ́jú tí ó ṣiṣẹ́ jù lọ fún àìsàn náà. Ẹ ṣàkíyèsí bí ó ti sún mọ́ àṣẹ Ànábì pé kí olùkírun má ṣe kúrò láti lọ tún àlùwàlá ṣe. Edward Watkins ní Exeter ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sì fi hàn pé ìbéèrè "Kí ló dé tó fi jẹ́ èmi?" a máa so ènìyàn mọ́lẹ̀, ṣùgbọ́n "Báwo ni? Kí ló kàn?" a máa tú u sílẹ̀.

Ohun tí a lè ṣe

Ẹ jẹ́ kí á to ìtọ́jú yìí lé hádíìsì "ká ní" tí a sọ lẹ́ẹ̀kan.

Èkíní, akitiyan lórí ohun tí yóò ṣe wá láǹfààní. Bí èrò náà bá dé, ẹ pè é ní orúkọ rẹ̀: "Àròkàn ti dé." Ẹ má ṣe bá a jà, nítorí èrò tí a bá ń fi ipá lé a máa yára padà. Ẹ jẹ́ kí ó kọjá bí ọkọ̀ ti ń kọjá lójú títì, kí ẹ sì mú iṣẹ́ kan tí ọwọ́ lè ṣe: ẹ gbálẹ̀, ẹ rìn dé ọ̀dọ̀ aládùúgbò, ẹ wá kírun pẹ̀lú jàmáà. Bí ọ̀rọ̀ náà bá nílò ìrònú ní tòótọ́, ẹ yan àkókò fún un, bí ogún ìṣẹ́jú lẹ́yìn ìrun Àsárì, kí ẹ kọ ọ́ sínú ìwé, kí ẹ sì kọ ohun kan tí ẹ óò ṣe sábẹ́ rẹ̀. Bí ó bá dé lóru, ẹ sọ fún un pé àkókò rẹ̀ di ọ̀la.

Èkejì, ìrànlọ́wọ́ Ọlọ́hun. Àdúà, kíka Àlùkùránì àti ìrántí Ọlọ́hun jẹ́ ìsinmi fún ọkàn, Sùúrà Nás sì sọ ọ̀rọ̀ asọ-wúyẹ́wúyẹ́ náà gan-an. Ṣùgbọ́n ìrànlọ́wọ́ Ọlọ́hun a máa gba ọwọ́ ènìyàn wá. Ànábì ti sọ pé Ọlọ́hun kò sọ àìsàn kan kalẹ̀ láìsọ ìwòsàn rẹ̀ kalẹ̀. Ẹni tí ó ní ẹ̀jẹ̀ ríru ń gba àdúà, ó sì ń lo oògùn. Kò sí ìdí tí ti ọkàn yóò fi yàtọ̀.

Ẹ̀kẹta, kí á má ṣe kágara. Bí àròkàn bá ti gba oorun, oúnjẹ tàbí iṣẹ́ ẹni fún ọ̀sẹ̀ méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ lọ rí dókítà. Ilé ìwòsàn àrùn ọpọlọ ti ìjọba àpapọ̀ wà ní Yábàá láti ọdún 1907, ẹ̀ka rẹ̀ tí wọ́n ti ń tọ́jú àwọn ọmọdé àti ọ̀dọ́ sì wà ní Òṣòdì, ní ìtòsí wa. Kì í ṣe ẹni tí ó ń já aṣọ ní ìgboro nìkan ni ó ń lọ síbẹ̀. Dókítà lè ní kí ẹ máa wá fún ìtọ́jú ọ̀rọ̀ sísọ, ó lè fún yín ní oògùn, ó sì lè ṣe méjèèjì. Oògùn náà kì í ṣiṣẹ́ lóòjọ́; ó lè gba ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà. Ẹ má ṣe dá a dúró láìbéèrè. Bí ẹnikẹ́ni bá sì sọ pé ayé sú òun, tàbí pé òun fẹ́ pa ara òun, ẹ má ṣe fi òun nìkan sílẹ̀, ẹ má ṣe bá a wí. Ẹ mú un lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an.

Ẹ̀kẹrin, kí á fi "ká ní" sílẹ̀ fún kádàrá. Èyí ni ó gbẹ̀yìn nínú ọ̀rọ̀ Ànábì, lẹ́yìn tí ènìyàn ti ṣiṣẹ́, tí ó sì ti wá ìrànlọ́wọ́. Kádàrá kì í ṣe ọ̀rọ̀ tí a fi ń pa ẹni tí ń sunkún lẹ́nu mọ́. Ibi ìsinmi ni fún ẹni tí ó ti rẹ̀.

Sí àwọn ará ilé

Ẹ má ṣe sọ fún aláìsàn pé, "Mú un kúrò lọ́kàn." Bí ó bá lágbára bẹ́ẹ̀, ì bá ti mú un kúrò. Ẹ jókòó tì í, ẹ gbọ́ ọ, kí ẹ sì bá a rìn dé ilé ìwòsàn. Bí onwáswáàsì bá bi yín lẹ́ẹ̀kan bóyá àlùwàlá òun pé, ẹ dá a lóhùn pẹ̀lú ìfẹ́. Bí ó bá bi yín ní ìgbà kẹwàá, ẹ rọra rán an létí pé ẹ ti dáhùn. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe na aláìsàn tàbí kí ó dè é mọ́lẹ̀ ní orúkọ pé òun ń lé àánjọ̀nú. Nígbà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Thomas Adéoyè Lámbò bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Àró, Abẹ́òkúta, ní ọdún 1954, ó fi àwọn aláìsàn wọ̀ sí ilé àwọn ará abúlé, kí wọ́n máa gbé láàárín ènìyàn bí wọ́n ti ń gba ìtọ́jú. Ayé wá kẹ́kọ̀ọ́ níbẹ̀ pé ènìyàn ni aṣọ ènìyàn.

Nínú sáàfù ìrun tí a tò lónìí, ó ṣeé ṣe kí ẹni tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín ti ń gbé "ká ní" kan kiri láti ọdún 2002. Kí ẹ tó wọ bàtà yín, ẹ kí i, kí ẹ sì dúró gbọ́ ìdáhùn rẹ̀.

Ìrẹ Ọlọ́hun Ọba Aláàánú, fi ọkàn àwọn tí wọ́n ṣòfò ní Òkè-Àfá balẹ̀. Fún àwọn tí èrò kò jẹ́ kí wọ́n sùn ní oorun. Fi ọgbọ́n fún ọwọ́ àwọn tí ń tọ́jú wọn, kí O sì jẹ́ kí á jẹ́ ìwòsàn fún ara wa. Àmín.